Omi tó ń rán lẹ́tà, àrá tí kì í rán: ìtọ́sọ́nà ìgbà ìrúwé fún ẹni tó ń gbé Winnipeg

Oṣù Kẹrin àkọ́kọ́ tí mo lò ní Winnipeg, oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, síbẹ̀ mo rí àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n tò sílà bí àwọn lébìrà tó ń na búlọ́ọ̀kù síra wọn. Àpò yanrìn ni wọ́n ń nà. Òjò kankan ò rọ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Omíyalé tí mo mọ̀ ni ti Ògùnpa, èyí tí àwọn òbí wa ò yéé sọ ìtàn rẹ̀, ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980: òjò bẹ̀rẹ̀, kò dá, odò sì gbé ilé àti èèyàn lọ. Níbi tí mo ti wá, ojú ọ̀run là ń wò ká tó kó ẹrù.

Red River, odò tó la Winnipeg kọjá, kò rí bẹ́ẹ̀. Omi rẹ̀ máa ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì ń rán lẹ́tà ṣíwájú. Òjò àrá orí pápá ní tirẹ̀ kì í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó lè fún yín ní wákàtí kan, ó sì lè má fún yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Aago méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì máa ń fi ọ̀kan ka èkejì. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí.

Kí n tó lọ jìnnà: nílé, yìnyín ni gbogbo ohun tútù tó bá já láti ojú ọ̀run. Níbí, ìyẹn á da ọ̀rọ̀ rú. Èyí tó ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí òwú ni màá pè ní sínóò. Èyí tó ń já bí òkúta nínú òjò ni yìnyín. Èyí tó bo ojú odò ni omi dídì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí omi ti ń bọ̀

Orí ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní ni Winnipeg jókòó sí. Adágún ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lake Agassiz ló wà níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló di pápá tí a ń gbé yìí. Ẹ da omi sínú àwo pẹrẹsẹ kan, ẹ wò ó: kò ní sáré, ńṣe ni yóò tàn ká. Láàárín kìlómítà kan, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 péré ni odò náà fi ń sọ̀kalẹ̀.

Ohun kejì tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé àríwá ni Red River ń ṣàn sí. Ó ti North Dakota àti Minnesota ní Amẹ́ríkà wá, ó gba Fargo àti Grand Forks kọjá, ó wọ Kánádà ní Emerson, ó kọjá Morris, ó dé Winnipeg, níbi tí odò Assiniboine ti pàdé rẹ̀ ní The Forks, ó wá gba Selkirk lọ sínú Lake Winnipeg. Gúúsù ló sì kọ́kọ́ ń móoru. Sínóò apá ibẹ̀ á yọ́, omi rẹ̀ á gbéra, á wá bá àríwá níbi tí odò ṣì dì gbagidi. Omi dídì á fọ́ sí wẹ́wẹ́, àwọn àfọ́kù rẹ̀ á kóra jọ síbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́ tàbí lábẹ́ afárá, wọ́n á dínà, omi tó wà lẹ́yìn wọn á sì ru sókè láàárín wákàtí díẹ̀. Ìgbà yìí nìkan ni odò tó ń rìn jẹ́jẹ́ yìí máa ń sáré. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí ẹ̀rọ kan tó rí bíi katapílà lórí odò ní apá Selkirk ní ìparí òtútù. Amphibex ni wọ́n ń pè é, omi dídì ló ń fọ́ ṣáájú àkókò.

Ìlú yìí ti jìyà rí. Ní ọdún 1950, nǹkan bí 100,000 èèyàn ló fi ilé sílẹ̀. Duff Roblin, nígbà tó di olórí ìjọba Manitoba (ìpínlẹ̀ tí Winnipeg wà), tẹnu mọ́ ọn pé àfi kí wọ́n gbẹ́ odò míì yí ìlú ká. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè é ní kòtò Duff. Láàárín 1962 sí 1968 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, kìlómítà 47, owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 63 dọ́là. Red River Floodway ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní gúúsù ìlú: wọ́n á gbé ìlẹ̀kùn irin sókè láti ìsàlẹ̀ odò, odò á ga lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó bá lékè á yà bàrá, á gba ìhà ìlà-oòrùn ìlú kọjá, á tún padà sínú odò ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí omi ọdún 1997 dé, tí wọ́n ń pè ní omíyalé ọ̀rúndún, kòtò tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí ló gba ìlú là. Lóde ìlú ńkọ́? Omi bo Ste. Agathe mọ́lẹ̀, pápá gúúsù di òkun, nǹkan bí 28,000 èèyàn ní Manitoba sì kó kúrò nílé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú Floodway gbòòrò sí i, kí ó lè gba omi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ní 700 ọdún ni wọ́n ń retí irú rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi ara yín kì í ṣe "ṣé omi máa pọ̀ lọ́dún yìí?" Ìbéèrè náà ni: ṣé inú ààbò Floodway ni ilé mi wà, àbí òde? Ẹni tó ra ilé tuntun lẹ́bàá odò ní gúúsù ìlú nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ̀, tí kò wo àwòrán ilẹ̀, ó yẹ kó wò ó lónìí. Àwọn ìlú kéékèèké bíi Morris àti Emerson ní ògiri erùpẹ̀ tó yí wọn ká. Bí omi bá pọ̀ jù, ìlú yóò gbẹ ṣùgbọ́n ọ̀nà tó wọ̀ ọ́ yóò pa.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka lẹ́tà náà

Àwọn tó ń kọ lẹ́tà yìí ni Hydrologic Forecast Centre ti ìjọba Manitoba. Ní ìparí oṣù Kejì ni wọ́n sábà máa ń gbé èyí àkọ́kọ́ jáde, òmíràn á tẹ̀lé e ní oṣù Kẹta. Ẹ má ṣe dúró de ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ yín, torí ìgbà tó bá fi débẹ̀, ẹlòmíì á ti fi iyọ̀ sí i. Ẹ lọ ka ojúlówó rẹ̀.

Tí ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí i pé wọn kò sọ iye kan ṣoṣo. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: bí ojú ọjọ́ bá ṣojúure, bí ó bá rí bó ṣe máa ń rí, àti bí ó bá kẹ̀yìn sí wa. Ìkẹta yìí ni kí ẹ fi múra. Àwọn oníròyìn sábà máa ń gbé èyí tó wà láàárín sókè, torí òun ló dà bí ìdáhùn. Kì í ṣe ìdáhùn. Wọ́n kọ ìwé náà kí òjò oṣù Kẹrin tó rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òjò yẹn ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò, ẹ̀yin náà á sì rí orúkọ wọn nínú rẹ̀. Èkíní ni bí ilẹ̀ ṣe rin tó nígbà tó ń dì ní ìparí ọdún tó kọjá: ilẹ̀ tó rin kó tó dì á di bíi sìmẹ́ńtì, omi sínóò kò ní rí ibi mu sí. Ìkejì ni omi tó wà nínú sínóò, kì í ṣe bí sínóò ṣe ga. Sínóò ẹsẹ̀ bàtà méjì tó fúyẹ́ lè mú omi wá tó dín sí ti ẹsẹ̀ bàtà kan tó ki. Ìkẹta, bí òtútù ṣe wọlẹ̀ jìn tó. Ìkẹrin, bí odò ti ga tó lábẹ́ omi dídì rẹ̀. Ìkarùn-ún ni ìyára tí sínóò yóò fi yọ́ àti òjò tó máa bá a, èyí tí kò sí ẹni tó lè rí i ní oṣù Kejì.

Ìkarùn-ún yìí ló ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ di òpùrọ́. Ní ọdún 1997, ìjì sínóò ńlá kan tún dà lulẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, nígbà tí gbogbo èèyàn rò pé òtútù ti lọ. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀: ìjì sínóò ní àárín oṣù Kẹrin, òjò lórí òjò lẹ́yìn rẹ̀, láti inú irú ìjì tí wọ́n ń pè ní Colorado low, torí apá òkè Colorado ló ti máa ń gbéra. Lọ́dún náà, kì í ṣe Red River nìkan ló kún. Odò Fisher lé àwọn ará Peguis First Nation, ìlú àwọn ọmọ onílẹ̀ kan ní àríwá, kúrò nílé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ orúkọ Colorado low ní oṣù Kẹrin, ẹ ka àsọtẹ́lẹ̀ tuntun, ẹ pa ti oṣù Kejì tì.

Ẹ tún wo gúúsù. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà tó wà ní Grand Forks ń gbé ti wọn jáde fún apá ọ̀dọ̀ wọn, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wọn ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní 1997, lẹ́yìn ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ni omi ga jù lọ ní Grand Forks. Ní Winnipeg, oṣù Karùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé góńgó. Ẹni tó ní ọ̀rẹ́ tàbí mọ̀lẹ́bí ní Fargo ní olùṣọ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ pè é.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò kan ṣoṣo tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú ìlú ni "James". Wọ́n á ní odò wà ní ẹsẹ̀ bàtà 17 ní James. Òpópónà James Avenue ni wọ́n ti ń wọn odò, òdo ibẹ̀ sì ni bí omi dídì ṣe sábà máa ń ga tó ní ìgbà òtútù. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ odò. Kí ẹ lè fi wé nǹkan: 1997 dé 24.5, 1950 dé 30.3. Bí ẹ bá gbọ́ 17, ẹ̀rù kò gbọdọ̀ bà yín. Ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí odò ní The Forks yóò ti wà lábẹ́ omi nígbà náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bésímẹ́ǹtì, ní oṣù Kẹta

Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀, torí ibí ni owó ti ń ṣòfò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ nílé. Nígbà tí a bá wá rí i, a sọ ọ́ di sítọ́ọ̀. Àpò Ghana Must Go mẹ́ta, páálí aṣọ òkè ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí, bídọ́ọ̀nù epo pupa, dípù fírísà tó kún fún ẹran ewúrẹ́ àti ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mọ ìyá kan tí aṣọ àǹkóò ogún ọdún rẹ̀ rin gbingbin nínú omi tí kò ju ìka mẹ́rin lọ. Kì í ṣe odò ló wọlé. Ẹ̀rọ tó yẹ kó fa omi jáde ló ti kú láti ìgbà tí wọ́n ti ra ilé, kò sì sẹ́ni tó dán an wò.

Ọ̀nà mẹ́ta ni omi ń gbà wọ bésímẹ́ǹtì. Ó lè gba orí ilẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ ilé. Ó lè gba inú ilẹ̀ jò wọlé láti ara ògiri. Ó sì lè ti inú páìpù ìdọ̀tí ìgboro padà wá, kí ó yọ láti ihò ilẹ̀ tàbí láti inú ṣáláńgá ìgbàlódé yín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì.

Fún èkíní, ṣọ́bìrì ni. Kí sínóò tó yọ́, ẹ kó o kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé, ẹ dà á sí ibi tí ilẹ̀ ti rọlẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ tún wo páìpù tó ń gba ọ̀ṣọ̀rọ̀ láti orí òrùlé: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri tó nǹkan bíi mítà méjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ká a sókè nígbà òtútù nítorí ṣọ́bìrì, wọ́n sì gbàgbé láti fà á sílẹ̀. Ẹ má sì darí rẹ̀ sí ilé aládùúgbò, ìjà ni yóò dá.

Fún ìkejì, ẹ wá kòtò kékeré tó ní ìdérí nílẹ̀ bésímẹ́ǹtì. Inú rẹ̀ ni pọ́ǹpù wà, sump pump ni wọ́n ń pè é níbí. Ẹ bu omi gáráwá kan, ẹ rọra dà á sínú kòtò náà. Pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ dá ara rẹ̀ tàn, kí ó fa omi náà jáde, kí ó sì dákẹ́. Bí ó bá ń ké láìfà, bí kò bá ké rárá, ẹ pe oníṣẹ́ nígbà tí oṣù Kẹta ṣì wà, torí ní oṣù Kẹrin gbogbo ìlú ló ń wá wọn. Ẹ jáde síta, ẹ wo ibi tí páìpù rẹ̀ ń tú omi sí: omi dídì lè ti di ẹnu rẹ̀ pa. Ohun tó kù ni iná. Ìjì tó ń mú òjò wá náà ló ń mú iná lọ, pọ́ǹpù tí kò ní bátìrì á sì sùn nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo lọ́dún yìí, bátìrì yẹn ni kí ẹ rà.

Fún ìkẹta, fáàfù kan wà tí wọ́n ń pè ní backwater valve, inú páìpù ìdọ̀tí ilé ni wọ́n ń fi sí. Omi yín lè jáde nínú rẹ̀, ti ìgboro kò lè wọlé. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní àárín ìlú ni kò ní in, bẹ́ẹ̀ àwọn àdúgbò yẹn gan-an ni òjò àti ìdọ̀tí ti ń gba páìpù kan náà. Bí ẹ bá ní in, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ nu ún. Ọ̀rá ọbẹ̀ àti aṣọ ìnudìí tí wọ́n dà sínú ṣáláńgá kì í jẹ́ kó pa dé. Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé: nígbà tí fáàfù yìí bá ti pa, omi tiyín náà ò lè jáde. Nítorí náà bí òjò bá ń dà wìì, ẹ má fọṣọ, ẹ má wẹ̀, ẹ má fa omi ṣáláńgá. Àìmọye bésímẹ́ǹtì ni omi ìfọṣọ onílé fúnra rẹ̀ ti kún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó ẹrù. Ẹ gbé dípù fírísà sórí búlọ́ọ̀kù. Ẹ ra àpótí oníke olómorí, ẹ kó aṣọ sí i, ẹ gbé e sórí pẹpẹ. Pásípọ́ọ̀tù, ìwé ìgbéèlú, ìwé ẹ̀rí yunifásítì tó jẹ́ pé ẹ óò tún rán ènìyàn lọ sílé kí ẹ tó rí òmíràn gbà: ìwọ̀nyí kò ní iṣẹ́ kankan ní abẹ́ ilẹ̀. Ẹ gbé wọn lọ sí òkè lónìí.

Ẹni tó ń rẹ́ǹtì bésímẹ́ǹtì, tó ń sùn síbẹ̀, ẹ bi onílé ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé pọ́ǹpù wà, ṣé fáàfù wà, ìgbà wo la dán wọn wò kẹ́yìn? Ẹ fi í ránṣẹ́ lórí fóònù, kó wà ní kíkọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìnṣọ́ránsì

Kúkúrú ni màá sọ èyí. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán níbí kì í sábà san owó omi. Àfikún méjì ló wà, ọ̀kan fún omi ìdọ̀tí tó bá padà wọlé, sewer backup, èkejì fún omi tó bá gba orí ilẹ̀ wá, overland flood. Ẹni tó ra ọ̀kan kò ra èkejì. Ẹ pè wọ́n, ẹ sọ pé kí wọ́n kà á sí yín létí. Ìjọba Manitoba ní ètò ìrànwọ́ lẹ́yìn àjálù, ṣùgbọ́n kì í san ohun tí èèyàn ìbá ti ra ìnṣọ́ránsì fún, ìyẹn sì ni pé kì í san ti omi ìdọ̀tí. Ayálégbé náà, ẹ ra tiyín. Ti onílé kò kan bẹ́ẹ̀dì yín. Kí ẹ tó kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbé fóònù, ẹ ya fídíò gbogbo yàrá, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí omi ò lè dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí omi bá ń bọ̀ lóòótọ́

Ìkìlọ̀ tí ẹ óò rí ní ìpele. High water advisory: odò lè ga, ẹ fiyè sí i. Flood watch: omi ń sún mọ́ etí odò, ṣùgbọ́n kò dà bí ẹni pé yóò bò ó láàárín wákàtí 24. Flood warning: ó ti bò ó, tàbí yóò bò ó kí ọ̀la tó di ọ̀la. Ìkẹta yìí ni ìgbà tí òògùn wà fún ọmọ, petiróòlù wà nínú mọ́tò, àpò sì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Àpò yanrìn ní ìmọ̀ nínú. Ìdajì ni kí ẹ kún un, tàbí díẹ̀ ju ìdajì lọ. Èyí tó kún fọ́fọ́ á yí gbirigbiri, omi á gba àlàfo rẹ̀ wọlé. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́, ẹ tò ó bí ẹni ń tò búlọ́ọ̀kù, kí ti òkè bo ojú oríkèé ti ìsàlẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ ògiri náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá tó nípọn sí ara rẹ̀ lápá ibi tí omi wà. Iṣẹ́ ẹlẹ́ni ogún ni. Bí aládùúgbò bá ń ṣe tirẹ̀, ẹ jáde lọ bá a, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ̀ yín.

Ọ̀nà: Highway 75, tó lọ sí ẹnubodè Amẹ́ríkà, máa ń pa ní apá Morris bí omi bá pọ̀. Bí wọ́n bá ti fi ìdènà sí ọ̀nà, ẹ má yí i po. Omi tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, tó sì ń sáré, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tó dé ìdajì táyà lè gbé mọ́tò. Àti pé ojú ọ̀nà tí ẹ mọ̀ láná lè má sí lábẹ́ omi náà mọ́.

Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ fẹ́ràn láti máa tẹ omi dídì etí odò ní oṣù Kẹta àti Kẹrin. Òtútù ibẹ̀ máa ń pa èèyàn kí ó tó mu omi yó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: aago kejì

Láti oṣù Karùn-ún lọ, afẹ́fẹ́ ooru tó rù ọ̀rinrin láti apá òkun Mexico á máa gun pápá bọ̀, á pàdé afẹ́fẹ́ tútù tó ń bọ̀ láti àríwá. Kò sí òkè tó máa dí wọn lọ́wọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ara bá ń le yín, tí aṣọ ń lẹ̀ mọ́ra bíi ti Èkó, tí ìkùukùu funfun sì ń wú sókè ní ìwọ̀-oòrùn bí ìyẹ̀fun tí yíìsì ti mú, ẹ má lọ jìnnà sílé ní ìrọ̀lẹ́.

Orúkọ ìkìlọ̀ tún yàtọ̀ níbí. Watch ni pé èròjà ìjì ti pé, ṣùgbọ́n a kò tíì sè é. Warning ni pé ó ti jinná, ó sì ń bọ̀. Environment Canada, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ Kánádà, kì í pe òjò àrá ní líle àfi bí ó bá lè mú atẹ́gùn 90 kìlómítà ní wákàtí kan wá, tàbí yìnyín tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, tàbí òjò mìlímítà 50 láàárín wákàtí kan. Wọ́n tún ń fi àwọ̀ sí ìkìlọ̀ wọn báyìí: ofeefee, àwọ̀ ọsàn, pupa. Bí ewu ààjà bá dé, fóònù yín á ké bí ẹni pé ó fẹ́ ya wèrè, kódà bí ẹ bá ti pa ohùn rẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ kà á.

Nípa mànàmáná: bí ẹ bá lè gbọ́ àrá, mànàmáná lè dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wọlé, tàbí kí ẹ wọ mọ́tò tó ní òrùlé irin, ẹ sì dúró ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn kí ẹ tó jáde. Lórí pápá tó tẹ́ bí ẹní, ẹ̀yin lẹ ga jù lọ. Abẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá wà kì í ṣe ibi ìsádi. Ní ti dígí tí ìyá wa ń fi aṣọ bò, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Yíyọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló mọ́gbọ́n dání.

Ààjà ńlá, tí wọ́n ń pè ní tọ̀nédò, kì í ṣe ìtàn Amẹ́ríkà nìkan. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 2007, ọ̀kan já sí Elie, ìlú kékeré kan ní nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Winnipeg, ó sì gbé odidi ilé kan nílẹ̀. Ìpele tó ga jù lọ, F5, ni wọ́n fi í sí. Kánádà ò tíì rí irú rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Bí ìkìlọ̀ rẹ̀ bá dún, ibi tí ẹ máa sá lọ ni bésímẹ́ǹtì tí mo ní kí ẹ kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, ilé ìwẹ̀ tàbí kọ́bọ́ọ̀dù ńlá ní àárín ilé, ní ìpele ìsàlẹ̀, jìnnà sí fèrèsé. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, kí ó má ṣe sá sábẹ́ afárá: atẹ́gùn á fún pọ̀ sí i níbẹ̀, á sì máa fi pàǹtírí nani bí ẹgba.

Ọjọ́ tí aago méjèèjì bá lu pọ̀ ni mo bẹ̀rù jù. Bí odò bá ga, ìgboro máa ń ti ìlẹ̀kùn páìpù tó ń tú omi òjò sínú odò, kí odò má baà padà wọ̀lú; pọ́ǹpù ni wọ́n á wá fi máa fa omi òjò jáde. Bí àrá bá wá da mìlímítà 50 lulẹ̀ ní wákàtí kan ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tí omi fẹ́ gbà, àfi ihò ilẹ̀ bésímẹ́ǹtì. Nítorí náà, ìgbà tí ìròyìn bá sọ pé odò ti dé góńgó, tí gbogbo èèyàn ń dúpẹ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ tún da gáráwá omi kan sínú kòtò pọ́ǹpù.

Ìgbésẹ̀ keje: lẹ́yìn omi

Bí omi bá ti wọ bésímẹ́ǹtì, ẹ má sọ̀kalẹ̀. Bọ́ọ̀dù iná sábà máa ń wà níbẹ̀, ẹ kò sì mọ ohun tí omi ti kàn. Ẹ pe iléeṣẹ́ iná kí wọ́n gé e láti ìta.

Bí omi ilẹ̀ bá ṣì wà yí ilé ká, ẹ má fa ti inú gbẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi inú ń ti ògiri síta, ti ìta ń tì í sínú. Bí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò lójijì, ògiri lè wó, ilẹ̀ lè là. Ìdá kan nínú mẹ́ta lójúmọ́ tó. Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó ju nǹkankan nù. Ìdọ̀tí tó bá kan kápẹ́ẹ̀tì, mátírẹ́ẹ̀sì tàbí oúnjẹ ti bà á jẹ́, ẹ má fi omi gbígbóná tan ara yín. Ẹran inú dípù fírísà tó kún, tí ìdérí rẹ̀ kò ṣí, lè dúró wákàtí 48 láìsí iná; èyí tó jẹ́ ìdajì, wákàtí 24. Ẹ̀bu máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, nítorí náà fáànù àti fèrèsé tó ṣí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹni tó ń lo kànga lóde ìlú, ẹ má mu omi rẹ̀ títí tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò.

Àpò yanrìn tí omi odò ti kàn ní ìdọ̀tí ìgboro àti kẹ́míkà oko nínú. Ẹ má da yanrìn rẹ̀ síbi tí ọmọ ti ń ṣeré, ẹ má fi gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ kó wọn jọ síbi kan, kí ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú, láti béèrè ibi tí ìgboro ń gbà wọ́n.